Ẹ wo èjìká rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sá

Pákó ni mò ń tà ní Àkúrẹ́, lójú ọ̀nà Oǹdó, mo sì ti rí oríṣiríṣi kòkòrò tó ń jáde látinú igi. Ìyẹn ni àbúrò mi tó wà ní Jámánì ṣe fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lóṣù kẹfà: “Ẹ̀gbọ́n mi, agbọ́n ńlá kan wà lára igi tó ti kú lẹ́yìnkùlé mi. Ṣé kí n pa á?” Mo ní kó dúró ná.

Èjìká rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ìyẹ́ mẹ́rin ni agbọ́n ní, gbogbo rẹ̀ ló fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó jẹ́ irú ti yímíyímí, ìyẹ́ rẹ̀ méjì iwájú ti le, ó ti di ìdérí. Méjì ẹ̀yìn ló fi ń fò. Èyí tí wọ́n ń pè ní Necydalis, ìdérí tirẹ̀ kúkúrú, bí ẹni wọ bùbá ọmọ rẹ̀. Ìyẹ́ tó yẹ kó pamọ́ wá wà ní gbangba, ó jọ agbọ́n pátápátá. Ẹyẹ tí agbọ́n ti ta rí kò ní dúró wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà ti da tíì gbígbóná sí ara mi lẹ́sẹ̀ rí nítorí kòkòrò tí kò lóró.

Ẹ má fi ìwo gígùn tó wà lórí rẹ̀ nìkan dájọ́, torí pé àwọn agbọ́n kan wà tí ìwo tiwọn náà gùn. Bí fọ́tò bá mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ ka oríkèé ìwo náà: 11 ló sábà máa ń wà lára irú Necydalis.

Tó bá ṣe é ṣe, ẹ da ìgò bò ó, kẹ́ ẹ fi bébà há a nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kẹ́ ẹ ya á láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fọwọ́ mú un o. Necydalis kò lè ta yín, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ń gé ni. Bí kò bá sì dá yín lójú, agbọ́n ni kẹ́ ẹ pè é.

Àbúrò mi ya fọ́tò òmíràn. Ìdérí kékeré méjì ló wà léjìká rẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí èmi oníṣòwò kọ́kọ́ rò ni pákó mi, ṣùgbọ́n igi tó ti ń jẹrà ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ, kì í jẹ pákó gbígbẹ. Kòkòrò Phosphorus virescens tó ń lu igi obì nílẹ̀ wa níbí, ẹbí rẹ̀ ni, ìdérí tirẹ̀ sì bo ẹ̀yìn dé ìdí.

Àbúrò mi tú Necydalis náà sílẹ̀ lórí igi tó ti kú náà, kò sì gé igi náà mọ́.