Kọ̀ǹpútà Ilé Kò Jẹ́ Kí Ẹ Wọlé? Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ́máàtì Rẹ̀

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Òkè-Fíà, níbí ní Òṣogbo. Ohun tí oníbàárà sábà máa ń sọ tó bá gbé láptọ́ọ̀pù dé ni pé, "Ẹ bá mi fọ́máàtì ẹ̀, kò gba páásíwọ́ọ̀dù mi mọ́." Èmi kì í fọ́máàtì lójú ẹsẹ̀. Fọ́tò ìsìnkú bàbá, àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ tó wà ní UNIOSUN, inú ẹ̀rọ yẹn ni gbogbo wọn wà, fọ́máàtì á sì gbá gbogbo ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò tiẹ̀ yẹ kó dé ibẹ̀. Kí ẹ tó gbé e jáde nílé, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó kọ sójú. "The password is incorrect" yàtọ̀ sí "Your PIN isn't available", méjèèjì sì yàtọ̀ sí "The User Profile Service failed the sign-in". Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀. Ẹni tó bá mú fọ́tò yẹn wá ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́.

Tó bá jẹ́ páásíwọ́ọ̀dù ló ní kò tọ̀nà, kíbọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ wò ó bóyá Caps Lock wà lórí. Tó bá jẹ́ àwọn nọ́ńbà apá ọ̀tún lẹ fi ń tẹ PIN, tí ohunkóhun ò sì jáde, Num Lock ni kí ẹ tẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀ràn tòkunbọ̀. Púpọ̀ nínú láptọ́ọ̀pù tí à ń rà níbí, ìlú òyìnbó ló ti wá, bí wọ́n sì ṣe to kíbọ́ọ̀dù níbẹ̀ kì í ṣe bákan náà. Lórí kíbọ́ọ̀dù ti Ìlú Ọba, àmì @ wà lápá ibi tí Enter wà. Lórí ti Amẹ́ríkà, orí 2 ló wà. Tí ẹ bá tẹ @ bí wọ́n ṣe yà á sórí bọ́tìnì, tí Windows sì rò pé ti Amẹ́ríkà ni, àmì " ló máa kọ. Páásíwọ́ọ̀dù yín tọ̀nà lórí, kò tọ̀nà nínú ẹ̀rọ. Ti Jámánì ní tiẹ̀, Y àti Z ló gbapò ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá kún un kí ẹ lè rí àmì ohùn fi sí ọ̀rọ̀, ẹ wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún: tó bá jẹ́ YOR lẹ rí, ẹ di bọ́tìnì Windows mú, kí ẹ tẹ Space títí ENG á fi dé.

Àmì ojú kékeré kan wà létí àpótí ibi tí à ń kọ páásíwọ́ọ̀dù sí. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ ó rí ohun tí ẹ kọ gan-an. Tí lẹ́tà kan bá kọ̀ tí kò jáde, bóyá omi zóbò ti ta sí i, ẹ tẹ àmì Accessibility ní igun kan náà, kí ẹ yan "On-Screen Keyboard", kí ẹ fi máòsì tẹ lẹ́tà náà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ má sì máa méfò lọ títí o. Lórí ọ̀pọ̀ Windows 11, tí ẹ bá ṣì í tẹ̀ nígbà 10, ó máa tilẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú 10.

Ká ní páásíwọ́ọ̀dù yẹn ni ẹ gbàgbé lóòótọ́, ọ̀nà méjì ló pín sí. Tó bá jẹ́ ímeèlì Microsoft lẹ fi ṣí kọ̀ǹpútà náà, ẹ fi fóònù lọ sí account.live.com/password/reset, kí ẹ yí i padà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń há nìyí: wọ́n á yí i padà lórí fóònù, wọ́n á wá máa tẹ tuntun sínú kọ̀ǹpútà tí kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò lè mọ̀. Ẹ tan hotspot fóònù yín, kí ẹ so ó pọ̀ láti àmì Wi-Fi tó wà lójú ibi ìwọlé, tàbí kí ẹ tẹ ti àtijọ́. Tó bá sì jẹ́ pé líńnì fóònù tí ẹ fún Microsoft tẹ́lẹ̀ ti sọnù, tí ẹ ò sì ní ímeèlì mìíràn lọ́dọ̀ wọn, ẹ lè dúró tó ọjọ́ 30 kí wọ́n tó gba ìsọfúnni tuntun lọ́wọ́ yín.

Tí kò bá jẹ́ ti ímeèlì, ẹ ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, "Reset password" á yọ nísàlẹ̀, á sì bi yín ní ìbéèrè mẹ́ta tí ẹ ti dáhùn nígbà kan rí. Bí ẹ ṣe kọ ìdáhùn nígbà náà ni kí ẹ kọ ọ́ báyìí. Màmá aládìrẹ kan gbé tiẹ̀ wá, gbogbo fọ́tò bátánì aṣọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Màmá, ìlú wo lẹ sọ fún un pé wọ́n ti bí yín?" Wọ́n ní, "Òṣogbo náà ni, ọmọ mi." Mo kọ Osogbo, ó kọ̀. Mo fi h sí i, Oshogbo, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ láyé àtijọ́, ó sì ṣí.

Ti "User Profile Service" kì í ṣe ẹjọ́ páásíwọ́ọ̀dù rárá. Mo sábà máa ń rí i lára kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS, ìyẹn bátìrì tó ń gbé e dúró tí iná bá lọ, tí iná lọ lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan sínú. Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn. Tó bá gbà yín wọlé ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ṣófo bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, tó ní "We can't sign in to your account", ẹ má fi iṣẹ́ kankan pamọ́ síbẹ̀: tí ẹ bá jáde, ó máa pa á rẹ́. Tí kò bá gbà yín wọlé rárá, ẹ tẹ àmì ìpaná nísàlẹ̀, ẹ di Shift mú, kí ẹ yan Restart, lẹ́yìn náà Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kí ẹ tẹ 4 fún Safe Mode, ìyẹn títan ẹ̀rọ pẹ̀lú kìkì ohun tó pọn dandan. Tó bá ṣí, fíláàṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ da fáìlì yín sí i.

Tí ojú aláwọ̀ búlúù bá yọ tó ń béèrè kọ́ọ̀dù tó ní díjíìtì 48, BitLocker nìyẹn, ìyẹn àgádágodo tí Windows fi ń ti fáìlì inú dírááfù pa. Ẹ wo aka.ms/myrecoverykey pẹ̀lú ímeèlì Microsoft yín. Tí kò bá sí níbẹ̀, tí ẹ ò sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tàbí kí ẹ fi pamọ́ síbòmíràn, kò sí ẹni tó lè bá yín ṣí i, Microsoft pàápàá ò lè ṣe é. Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é, ẹ má fowó fún un.

Tí gbogbo ẹ̀ bá kọ̀, ẹ wá gbé e lọ fún oníṣẹ́. Tí kò bá ti sí BitLocker, a lè yọ dírááfù rẹ̀, ká kà á lára kọ̀ǹpútà mìíràn, tàbí ká fi Ubuntu (ètò mìíràn tó lè tan kọ̀ǹpútà dípò Windows) orí fíláàṣì tan ẹ̀rọ náà, ká sì kó fáìlì jáde. Ẹ mú rìsíìtì dání. Èmi máa ń béèrè rẹ̀, torí láptọ́ọ̀pù tí wọ́n jí náà ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, mi ò sì ní fi ọwọ́ mi ṣí ẹrù olówó fún olè. Ẹ rántí pé "Keep my files" nínú "Reset this PC" kì í yọ páásíwọ́ọ̀dù kúrò. "Remove everything" ló ń yọ ọ́, òun ló sì ń pa fáìlì rẹ́. Kí oníṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ ní kó ṣí fáìlì tó kó jáde lójú yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí i pé fọ́tò ń jáde.