Fèrè àti Kọ̀ǹpútà Lórí Ìtàgé Kan Náà: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ohun tó kọ́kọ́ dójú tì mí nínú iṣẹ́ kíkọ orin fún ohun èlò àti ẹ̀rọ pọ̀ yìí kéré gan-an. Mo ti ṣe ohùn ẹ̀rọ sílẹ̀ nílé ní ìwọ̀n 44,100 hertz (iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), kọ̀ǹpútà gbọ̀ngàn tí a lọ sì wà ní 48,000. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe tẹ dùùrù báyìí, ohùn sípíkà ti ń sáré, ó sì ti ga: ó kọjá kọ́kọ́rọ́ tó tẹ̀ lé ti dùùrù, kò dé ìkejì. Dùùrù kì í ṣe gángan tí èèyàn lè fún mọ́ abíyá kó lè bá ẹ̀rọ mu. A dá eré dúró. Ẹ yẹ nọ́ńbà méjèèjì wò kí ẹ tó tú wáyà kankan.

Àṣìṣe tó tóbi jù, tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ orin kílásíkà fún ohun èlò àti ẹ̀rọ pọ̀, ni pé wọ́n á parí ohùn ẹ̀rọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á wá ní kí afunfèrè máa sá tẹ̀ lé e. Téèpù, ìyẹn ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ ṣáájú, kì í dúró de ẹni tó fẹ́ mí. Lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀: Bruno Maderna, ọmọ Ítálì tó ń kọ orin, ti fi fèrè pàdé téèpù ní 1952. Àmọ́ àwọn àgbà wọ̀nyẹn mọ ohun tí wọ́n ń fi téèpù ṣe. Ẹ gbọ́ Synchronisms No. 6 ti Mario Davidovsky, ọmọ Argentina tó gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá kan ní Amẹ́ríkà, fún un ní 1971. Bí a bá tẹ dùùrù, ojú ẹsẹ̀ ni ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kò sí bí ọwọ́ ṣe lè mú un wú. Ohùn kan ṣoṣo ni dùùrù fi ṣí orin yìí, ẹ̀rọ wá gbà á níbi tó ti ń kú lọ, ó ń mú un wú, ó ń wú. Ohun tí dùùrù ò lè dá ṣe ni ẹ̀rọ bá a ṣe. Bí ẹ̀rọ tiyín bá kàn ń tún ohun tí fèrè ti sọ sọ, ẹ pa á.

Ẹni tí ẹ bá fẹ́ kó ráyè mí, ẹ fún un ní pẹ́dà. Nínú NoaNoa, orin fèrè àti ẹ̀rọ tí Kaija Saariaho, ọmọ Finland, kọ ní 1992, afunfèrè fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ pe ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìtẹ̀ pẹ́dà síbi tí ìka ti ń sáré tàbí tó ti fẹ́ ṣí ojú ìwé. Ẹ fi nọ́ńbà sí ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan: bí ẹsẹ̀ bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà á mọ ibi tó máa dá a padà sí.

Sípíkà ńkọ́? Wọ́n á gbé gbogbo rẹ̀ sí igun gbọ̀ngàn, fèrè á wá dá dúró láàrin bí àlejò. Ẹ gbé ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Máìkì ò sì gbọdọ̀ kọjú sí sípíkà náà, àfi bí ẹ bá fẹ́ kó máa han.

Àṣìṣe tó kù, ó di ọdún mélòó kan lẹ́yìn eré kí ẹ tó rí i. Fèrè àti 4X, ẹ̀rọ ńlá kan ní IRCAM, ilé ìwádìí orin kan ní Paris, ni Philippe Manoury kọ Jupiter fún ní 1987. 4X ti di ohun àtijọ́. Wọ́n ní láti gbé iṣẹ́ náà lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn. Torí náà, ẹ má fi fáìlì nìkan sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, ní ọ̀rọ̀ lásán: ohùn wo ló ń wọlé, kí ni ẹ̀rọ ń ṣe sí i, ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ló fi ń dì í mú kó tó dá a padà.