Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ìwakọ̀ Tírélà ní Ilé-Ìwé ní Àkúrẹ́, Títí Dórí Gbígba Ìwé Àṣẹ

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wa tírélà gba Àkúrẹ́ kọjá sí Ọ̀wọ̀, tàbí tó ń gbé pákó láti Ọ̀rẹ̀ lọ sí Èkó, ni kò gba ilé-ìwé kankan dé ìdí iṣẹ́ náà. Mọ́tò bọ́ì ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ́: wọ́n ń ki igi bọ abẹ́ táyà, wọ́n ń fi okùn di ẹrù, wọ́n ń sùn lábẹ́ ọkọ̀, títí di òru ọjọ́ kan tí oorun kun ọ̀gá wọn, tí ó sì ní kí wọ́n bọ́ sídìí sítíárìn. N kò fi ojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀nà yẹn, nítorí ohun tí mọ́tò bọ́ì mọ̀ nípa dídi ẹrù, àti nípa bí ọkọ̀ ṣe ń ráhùn kí ó tó bàjẹ́, kò sí ilé-ìwé tí ó lè fi ìwọ̀nba àkókò kọ́ ènìyàn tán. Àbùkù rẹ̀ ni pé ọmọọṣẹ́ kì í sábà mọ̀ ju ohun tí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ lọ, bí ọ̀gá bá sì ti ń fi nútírà, ìyẹn láìsí gíà kankan, sọ̀kalẹ̀ òkè láti ọjọ́ pípẹ́ wá, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọọṣẹ́ yóò máa ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi àjàgbé wíwà jẹun ní agbègbè wa yìí, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó gba ilé-ìwé lọ, kí ó sì gba ìwé àṣẹ tí ó bá ọkọ̀ náà mu gan-an.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ yìí ni kí a kọ́kọ́ yanjú, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Lẹ́tà kan ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, ìyẹn FRSC, fi ń dá kíláàsì ìwé ìwakọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ̀. A ni ti alùpùpù. B ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó tọ́ọ̀nù 3, tí a kì í fi í kó èrò fún owó. D wà fún ọkọ̀ ńlá tí kì í ṣe ti akérò, E sì kó ti akérò mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gba tírélà nínú àwọn méjèèjì. F jẹ́ ti katakata oko, H jẹ́ ti àwọn ẹ̀rọ tí ń wú ilẹ̀ bíi katapílà. G ni ti tírélà, àti ti gbogbo ọkọ̀ tí orí rẹ̀ ṣeé tú kúrò lára bọ́dì. Nítorí náà, ẹni tí ó ń fi típà kó yanrìn lè máa lo D tàbí E láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n bí ó bá ti gun orí tírélà láìní G, ó ń wa ọkọ̀ tí òfin kò tíì gbà á láyè láti wà, iye ọdún yòówù kí ó ti lò nídìí sítíárìn. Bí ẹ bá ti ní ìwé kíláàsì mìíràn tẹ́lẹ̀, kò pọn dandan kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò ní nǹkan kan. Ẹ lè béèrè pé kí wọ́n yí kíláàsì náà padà.

Tí a bá wá dé orí yíyan ilé-ìwé, ìbéèrè méjì ni mo kà sí pàtàkì. Èkíní ni bóyá FRSC fọwọ́ sí ilé-ìwé náà, nítorí ìwé-ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ilé-ìwé tí àjọ náà kò mọ̀ kò ní wúlò nígbà tí ẹ bá dé iwájú. Ẹ lè béèrè èyí ní ọ́fíìsì àjọ náà ní Àkúrẹ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Èkejì, tí ó wúwo jù lójú mi, ni bóyá wọ́n ní tírélà. Ọkọ̀ kéékèèké nìkan ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìwakọ̀ fi ń kọ́ni, àwọn kan yóò sì sọ fún yín pé ẹni tí ó bá mọ kékeré wà ti mọ ńlá wà. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ síbi tí ọkọ̀ náà wà, ẹ wò ó bóyá ó ń rìn tàbí koríko ti hù lábẹ́ rẹ̀, ẹ béèrè iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ń pín in lò lóòjọ́, kí ẹ sì tọrọ àyè láti jókòó wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ẹlòmíràn. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí ẹ ní kí olùkọ́ fi ìwé tirẹ̀ hàn yín, bí kò bá ti sí G lára rẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọkọ̀ a máa kọ́ awakọ̀ wọn fúnra wọn, ìyẹn náà sì jẹ́ ọ̀nà tí ó dára fún ẹni tí kò rí ilé-ìwé tó ní tírélà nítòsí.

Ti ìwé àti ti ara kò gùn. Ẹ nílò NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, oní-dígíìtì 11 nì, kí ẹ sì rí i pé bí orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín ṣe wà níbẹ̀ náà ni wọ́n ṣe wà nínú gbogbo ìwé yòókù, nítorí lẹ́tà kan péré tí ó yàtọ̀ lè dá yín dúró. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 kò lè gba ìwé ìwakọ̀, àwọn tó ni tírélà a sì máa wá ẹni tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ lọ yẹ ojú yín wò ní ilé-ìwòsàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹ bá ti sanwó ilé-ìwé tán. Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò jẹ́ kí ẹ lè máa wakọ̀ ní títì pẹ̀lú olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí lẹ́tà L yóò sì wà lára ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ gidi yóò kọ́ yín kò sí nínú ọkọ̀ rárá. Ìta ni, níbi tí ẹ óò ti máa rìn yí ọkọ̀ ká. Ẹ óò bẹ̀rẹ̀ láti ara táyà. Lára táyà, ní ìparí àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé DOT, ẹ óò rí nọ́ńbà 4 tí wọ́n tò papọ̀: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe táyà náà, FRSC kò sì fẹ́ kí a lo táyà kọjá ọdún 4 sí ìgbà tí wọ́n ṣe é, ì báà tilẹ̀ máa dán. (Bí ẹ bá bá táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n ti họ nọ́ńbà yìí kúrò lára rẹ̀, ẹni tí ó họ ọ́ ti dá yín lóhùn.) Lẹ́yìn náà, bí kọ̀ǹtéínà ni ọkọ̀ gbé, ẹ lọ fi ọwọ́ kan àwọn irin tí a ń yí láti fi ti kọ̀ǹtéínà mọ́ bọ́dì, èyí tí ó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ rí i pé gbogbo wọn ti gbá kọ̀ǹtéínà mú. Okùn tàbí ṣéènì kò lè dípò wọn, nítorí kọ̀ǹtéínà tí a kò tì kò nílò ju kọ̀rọ̀ kan lọ kí ó tó ṣubú lé ọkọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Níbi tí a bá ti ń so orí tírélà mọ́ bọ́dì, kí ọkàn yín má ṣe pínyà. Ẹ fi orí náà padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí irin abẹ́ bọ́dì yóò fi wọ ẹnu ohun tí yóò gbá a mú, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ tan iná wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ẹnu náà ti pa dé lóòótọ́, lẹ́yìn náà ẹ fi gíà tí ó kéré jù fà á síwájú díẹ̀ nígbà tí ìjánu bọ́dì ṣì wà ní dídè. Bí ó bá fà tí kò tú, ẹ lè so ọ̀pá afẹ́fẹ́ àti wáyà iná, kí ẹ sì ká ẹsẹ̀ irin tí ó gbé bọ́dì dúró sókè.

Ìjánu ni ó yẹ kí ẹ lo àkókò lé lórí jù lọ. Ìjánu ọkọ̀ kékeré ń lo epo bíréèkì, ti tírélà ń lo afẹ́fẹ́. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí ẹ̀rọ tí ń fún afẹ́fẹ́ sínú àwọn táǹkì abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ tí ẹ fi tẹ bíréèkì sì kàn ń ṣínà fún afẹ́fẹ́ náà ni. Ti ìdúró yàtọ̀: sípíríǹgì líle ni ó ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú, afẹ́fẹ́ ni ó sì ń tú u sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti tán lóru kì í fi í kúrò lójú kan láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ gééjì tí ń wọn agbára afẹ́fẹ́ gòkè dé bíi 100 sí 125 psi kí ẹ tó gbéra; bí ó bá wálẹ̀ dé nǹkan bí 60, agogo yóò máa ké, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí ẹ wá ibi dúró, kì í ṣe kí ẹ wá ẹni tí yóò já wáyà agogo náà. Láràárọ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ máa wo gééjì: bí ó bá ń rọ̀ wálẹ̀ níṣojú yín, afẹ́fẹ́ ń jò níbìkan. Ẹ sì máa fa omi tí ó ń kó sí ìsàlẹ̀ àwọn táǹkì náà jáde.

Ẹni tí ó bá mọ òkè tí ó sọ̀ wọ Akùngbá Àkókó yóò mọ ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Ní oṣù January 2021, àjàgbé kan tí kò ṣeé dá dúró mọ́ ya wọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó wà nítòsí Yunifásítì Adékúnlé Ajásin, ẹ̀mí sì bá a lọ, títí kan ti akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí a bá ní ìjánu ọkọ̀ já lórí òkè, ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, irin inú ẹsẹ̀ ọkọ̀ gbóná kọjá ààlà, bíréèkì kò sì rí nǹkan gbá mú mọ́. Afẹ́fẹ́ lè kún táǹkì bámúbámú nígbà náà, kò wúlò. Nítorí náà, orí òkè ni ẹ ti gbọ́dọ̀ wọ gíà kékeré, kì í ṣe àárín rẹ̀, nítorí gíà lè má wọlé mọ́ bí ọkọ̀ bá ti gba eré. Gíà tí ẹ fi gun òkè náà, tàbí èyí tí ó kéré sí i, ni kí ẹ fi sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, kí ẹ sì máa tẹ bíréèkì dáadáa fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tú u sílẹ̀ kí ó tutù, kí ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ wọ nútírà kí dísẹ́ẹ̀lì lè ṣẹ́kù, ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀.

Fífi tírélà rìn sẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ dójú ti ẹni tí ó ti mọ ọkọ̀ kékeré wà. Bí ẹ bá yí sítíárìn sí ọ̀tún, ìdí bọ́dì yóò lọ sí òsì. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ dúró de bọ́dì kí ó dáhùn, kí ẹ sì tètè tọ́ ọ padà, torí bí igun àárín orí àti bọ́dì bá ti mú jù, ẹ kò ní rí i tún ṣe àfi kí ẹ lọ síwájú. Bí ẹ bá ń yà ní kọ̀rọ̀, táyà ẹ̀yìn kì í tẹ̀lé ti iwájú, inú ni ó máa ń gé sí; níwọ̀n bí òsì ni awakọ̀ jókòó sí ní ilẹ̀ wa, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni ojú kò tó, ọ̀tún náà sì ni ọlọ́kadà máa ń fẹ́ gbà.

Eré tí òfin fún tírélà àti táńkà kéré sí ti àwọn yòókù: 45 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìlú, 50 ní ojú títì gbogboogbò, 60 ní ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ há a sórí, wọ́n lè bi yín nígbà ìdánwò.

Lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti fún yín ní ìwé-ẹ̀rí, àwọn VIO, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń yẹ ọkọ̀ wò, ni yóò dán yín wò, ti ọ̀rọ̀ ẹnu àti ti ojú títì. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò lọ sí ibùdó ìwé ìwakọ̀, níbi tí wọn yóò ti ya fọ́tò yín, tí wọn yóò sì gba ìka ọwọ́ yín. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ti san owó fúnra yín. Ẹ má fi lé ẹnikẹ́ni tí ó ń rìn káàkiri ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́, nítorí irú wọn ni ó ń bá ènìyàn gba kíláàsì tí kò béèrè fún. Àyè wà láti gba ti ọdún 3 tàbí ti ọdún 5. Kí ẹ tó kúrò níwájú òṣìṣẹ́ tí ó ń tẹ orúkọ yín sínú kọ̀ǹpútà, ẹ ní kí ó yí i síhà ọ̀dọ̀ yín, ẹ wo orúkọ, ẹ wo ọjọ́ ìbí, kí ẹ sì wò ó bóyá G ni ó wà níbi tí ó yẹ kí G wà.