Ẹ̀yin tí ẹ ń wo dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ àtijọ́ ya ojú áàpù, ẹ ṣọ́ra fún àwọn àṣìṣe yìí

Oníbàárà kan tó ń ta sólà ní Ìbàdàn ní kí n bá òun ya ojú áàpù tí àwọn tó ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ òun yóò fi máa wo bátìrì ìńfátà wọn. Inú mi dùn, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó àwòrán dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ àtijọ́ jọ. Mo gbé gééjì Jaguar E-Type ti 1961 síwájú, mo sì ń wò ó yà: ojú dúdú, nọ́ńbà funfun, òrùka fàdákà yípo rẹ̀. Mo tún fi dídán kan sí orí gíláàsì rẹ̀ kí ó lè dà bí ojúlówó. Ó rẹwà lórí kọ̀ǹpútà mi. Nígbà tó yá, ìyá kan gbé fóònù rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án gangan, ó fẹ́ wo iye iná tó kù. Dídán tí mo yà sí orí gíláàsì ti bo abẹ́rẹ́ mọ́lẹ̀. Ó rò pé bátìrì ṣì kún, ó tan pọ́ǹpù, iná sì kú kí omi tó dé ìdajì táǹkì.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn: ohun tí àwọn tó ṣe gééjì ń sá fún ni àwa ń yà. Ìtànṣán oòrùn lórí gíláàsì, ọ̀tá ni fún awakọ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ gééjì àtijọ́ fi wọnú lọ sínú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí wọ́n fi ṣe bí ìbòrí sí i lókè, tí ojú rẹ̀ sì jẹ́ dúdú tí kò dán. Tí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan lára gééjì ilé-iṣẹ́ Smiths ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí VDO ti Jámánì, ẹ mú dúdú tí kò dán yẹn, ẹ mú nọ́ńbà funfun tó ṣe é kà ní ìwò ẹ̀ẹ̀kan, kí ẹ fi òrùka fàdákà sílẹ̀ títí ẹ ó fi mọ iṣẹ́ tí yóò ṣe fún yín.

Èkejì ló ń dùn mí jù, torí ibi gbogbo ni mo ti ń rí i: abẹ́rẹ́ tó ń jó. Kí nọ́ńbà yí díẹ̀ báyìí, abẹ́rẹ́ á fò sókè, á tún gbọ̀n kí ó tó dúró. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ti ọkọ̀ àtijọ́ ṣe máa ń ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú gééjì epo ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé ìgbà 1960, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà níbẹ̀, oríṣi irin méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ mọ́ra, tí wáyà wé mọ́ ọn. Iná á gba inú wáyà kọjá, irin á gbóná, á tẹ̀, á sì ti abẹ́rẹ́ lọ. Irin kì í gbóná lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i tí abẹ́rẹ́ epo ń rọra gòkè, bí ẹni tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀. Ìfarabalẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí gééjì náà wúlò. Epo inú táǹkì ń rú ní gbogbo kọ́nà àti gbogbo gálọ́ọ̀pù, ṣùgbọ́n irin náà kò yára tó láti bá a rú. Iye epo ni awakọ̀ ń rí, kì í rí rírú epo.

Bátìrì ìńfátà náà ń rú bẹ́ẹ̀. Bí fíríìjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, agbára iná á wálẹ̀ díẹ̀, á tún padà sípò. Abẹ́rẹ́ tí mo kọ́kọ́ yà ń bá a wálẹ̀, ń bá a gòkè, àwọn ènìyàn sì ń pè pé bátìrì wọn ti bàjẹ́. Mo wá ṣe é kí abẹ́rẹ́ máa fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan gbáko ṣe ìṣirò kó tó kúrò lójú kan. Wọn ò pè mọ́.

Spídómítà, gééjì tó ń fi eré ọkọ̀ hàn, yàtọ̀ sí ìyẹn. Èyí tí Otto Schultze gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní Berlin ní 1902 ní mágínẹ́ẹ̀tì tó ń yí nínú ife alumíníọ́mù láìfọwọ́ kàn án, tó sì ń wọ́ ife náà àti abẹ́rẹ́ lọ, síprìngì tín-ín-rín sì ń fa abẹ́rẹ́ padà. Ìyẹn yára, torí eré ọkọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó ya abẹ́rẹ́, ẹ kọ́kọ́ mọ bí ohun tí ó ń kà ṣe ń yára yí padà sí.

Ẹ má sì gbé gééjì sí ibì kan torí pé ibẹ̀ ló wà nínú ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ràn. Mini ti 1959 ní gééjì róbótó kan ní àárín dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí sítíárìn wà lọ́tùn-ún, bí ó wà lósì, ibẹ̀ náà ni gééjì ń wà, owó sì dínkù. Nígbà tí BMW gbé MINI tuntun jáde ní 2001, wọ́n fi spídómítà sí àárín láti rán ènìyàn létí ti àtijọ́, ó sì tún tóbi sí i nínú ìran kejì. Nínú ìran kẹta, ní 2014, ó ti padà sí ẹ̀yìn sítíárìn níwájú awakọ̀. Ẹ wá wo Porsche 911, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní 1963: gééjì márùn-ún ló tò síwájú awakọ̀, èyí tó tóbi jù ní àárín kì í ṣe ti eré, ti yíyí ẹ́ńjìnnì ni, torí ohun tí ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ nílò nìyẹn nígbà tó bá fẹ́ yí jíà.

Ní ti iye gééjì, ẹ dín in kù. Ọkọ̀ Ìjàpá tí àwọn bàbá wa wà, tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní 1975, gééjì kan ṣoṣo ló wà níwájú awakọ̀, ìyókù jẹ́ iná kéékèèké tó máa ń tàn tí nǹkan bá ṣe. Àwọ̀ pupa náà, ẹ fi í pamọ́ fún ewu nìkan.

Èyí tó kù ju ọ̀rọ̀ ẹwà lọ. Àwọn kan nínú wa ń ra gééjì àlòkù, wọ́n á tú u, wọ́n á ha ojú rẹ̀ kí wọ́n lè fi gbé aago ògiri jáde. Láyé ìgbà kan, ọ̀dà tí radium, èròjà tó ń tú ìtànṣán olóró jáde, wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń kun nọ́ńbà aago, gééjì bàálù àti ti ọkọ̀ mìíràn kí ó lè máa tàn lóru. Ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí 1917, àwọn ọmọbìnrin tó ń kun ún ń fi ètè tọ́ ẹnu búrọ́ọ̀ṣì. Egungun àgbọ̀n wọn jẹrà, ọ̀pọ̀ wọn sì kú. Ọ̀dà náà lè má tàn mọ́ lónìí, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí ọdún 1600 kí radium inú rẹ̀ tó dín sí ìdajì. Tí ẹ bá rí gééjì tó ti gbó gan-an lọ́jà, tí ọ̀dà nọ́ńbà rẹ̀ nípọn, tó sì ti pọ́n bíi ìpẹtà, ẹ má tú u, ẹ má ha á. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ìta gíláàsì, kí ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, kí ẹ sì sọ ohun tó wà lára rẹ̀ fún un.