Ọ̀rọ̀ òrùka dáyámọ́ńdì mi: ọ̀sẹ̀ 7 ní Iléṣà, ọjọ́ kan ní Ifẹ̀

₦15,000 ni mo san kí wọ́n bá mi tún òrùka ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn mo tún san ₦45,000 kí ẹlòmíì bá mi tún ohun tí wọ́n bàjẹ́ ṣe, ẹ ò tíì ka owó mọ́tò mọ́ ọn o. Bí mo ṣe ń tẹ èyí inú ṣì ń bí mi, kì í sì í ṣe torí owó nìkan, ọ̀sẹ̀ 7 gbáko lòrùka mi fi wà níbi tí mi ò mọ̀, tí mò ń lọ tí mò ń bọ̀ bí ẹni tó lọ tọrọ nǹkan oní-nǹkan.

London ni bàbá àwọn ọmọ mi ti rà á bọ̀ lọ́dún 2012 nígbà tó lọ kàwé níbẹ̀. Òkúta dáyámọ́ńdì kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀, wúrà tín-ín-rín mẹ́fà ló yọ sókè tó tẹ̀ lé òkúta náà lórí bí èékánná ẹyẹ, àwọn ló dì í mú. Kò sí gúlúù níbẹ̀, kò sí nǹkan míì, àwọn èékánná yẹn náà ni gbogbo ẹ̀. Dáyámọ́ńdì fúnra ẹ̀ le, kò sí nǹkan kan nínú ilé yín tó lè ha á lára àfi dáyámọ́ńdì ẹgbẹ́ ẹ̀, àmọ́ wúrà rọ̀, bẹ́ ẹ ṣe ń fọṣọ, tẹ́ ẹ ń gúnyán, tẹ́ ẹ ń kiwọ́ bọ báàgì, díẹ̀díẹ̀ ló ń jẹ. Ọdún 12 ni mo fi wọ̀ ọ́, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò rí lọ́jọ́ kan.

Gèlè ló tú àṣírí ẹ̀. Oṣù kẹta ọdún 2024, a ń múra òde ìyàwó, bí mo ṣe ń wé gèlè aṣọ òkè mi òrùka há sí i lára, mo fà á, fọ́nrán òwú bá a wá. Mo bọ́ ọ, mo gbé e sétí, mo mì í. Ó ń dún tín-tín-tín. Òkúta náà ti ń jó nínú ilé ẹ̀. Ara mi tutù, torí tó bá jẹ́ ojúde àríyá ló jábọ́ sí, ta ló fẹ́ bá mi wá a láàárín ẹgbàágbèje ẹsẹ̀?

Ẹ sì wò ó, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ti ń wa wúrà tipẹ́tipẹ́ ni mo wà o. Ní Itagunmodi wọ́n ń wà á nínú odò, ní Iperindo ilé iṣẹ́ ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ látọdún 2021. Èrò mi ni pé níbi tí wúrà ti ń jáde látinú ilẹ̀, alágbẹ̀dẹ wúrà á pọ̀ níbẹ̀ bí alágbàfọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe wà ní Iléṣà o, mi ò sọ pé wọn ò sí, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ lẹsẹ̀ mi gbé mi lọ bá.

Ẹni tó ń ta ṣéènì àti yẹtí ni wọ́n júwe fún mi. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ dára, gíláàsì ló yí i ká, iná funfun ń tàn. Ó wo òrùka náà fẹ̀rẹ̀ báyìí, kò mú awò kankan dání, ó ní, "Mọ̀mí, nǹkan kékeré nìyí, ẹ padà wá lọ́jọ́ mẹ́ta." Mo kó gbogbo ₦15,000 lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò fún mi ní rìsíìtì. Ó kàn kọ "òrùka 1" sínú ìwé ẹ̀, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, òrùka 1! Òkúta tó tó ìdajì káráátì (ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn òkúta), ẹni tó bá fẹ́ lè fi awẹ́ ìgò rọ́pò ẹ̀, "òrùka 1" náà ni.

Ọjọ́ mẹ́ta pé, iná ò sí. Mo ní kò burú, gbogbo wa la mọ ìyà iná. Ọ̀sẹ̀ kejì, gáàsì tí wọ́n fi ń jó wúrà ti tán. Ọ̀sẹ̀ kẹta ó lọ sìnkú l'Ékòó, mo tún bá a kẹ́dùn. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ó ti dé, àmọ́ ọmọṣẹ́ ẹ̀ ló mú kọ́kọ́rọ́ àpótí tí wọ́n kó iṣẹ́ sí, ọmọṣẹ́ yẹn dẹ̀ ti lọ sílé. Tí mo bá pè é lórí fóònù á ní, "Mọ̀mí, ọ̀rọ̀ yín ni mò ń rò lọ́wọ́ yìí gan-an." Ọ̀sẹ̀ karùn-ún kò gbé fóònù mọ́. Bàbá àwọn ọmọ mi bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé òrùka dà, mo ní ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, ó wò mí, kò sọ̀rọ̀. Ìwò yẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ọmọdé kan tó ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù já ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ó ní òrùka mi ò sí níbẹ̀, kò tiẹ̀ sùn níbẹ̀ rí. Bọ̀dá yìí kì í ṣe alágbẹ̀dẹ wúrà! Ó ń tajà ni. Iṣẹ́ yòówù tẹ́ ẹ bá gbé wá, Òṣogbo ló ń fi í ránṣẹ́ sí, ẹni yẹn náà á sì ṣe é nígbà tó bá wù ú. Gbogbo gáàsì tó tán, gbogbo iná tí ò sí, gbogbo àpótí tí wọ́n tì, irọ́ ni látòkèdélẹ̀.

Ẹ ṣáà mọ orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Ìjẹ̀ṣà. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn káàkiri, tó bá dọjọ́ owó, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi. Òṣómàáló. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ keje mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo gbé àpótí ìjókòó tí mo fi ń rokà ní ilé, aago 8 àárọ̀ mo ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yẹn. Àwọn kọ́sítọ́mà tó ń wọlé ń kí mi, "Mọ̀mí, ẹ kú ìjókòó o," mo ń dá wọn lóhùn, mo dẹ̀ ń sọ ohun tó gbé mi wá fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí. Ó jáde wá, ó ní, "Mọ̀mí, ẹ fẹ́ ba ọjà mi jẹ́ ni?" Mo ní òrùka mi ni mo wá gbà, ọ̀rọ̀ ọjà ò sí láàárín wa. Mo jẹ ẹ̀wà níbẹ̀, mo mu omi níbẹ̀. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, ọlọ́kadà kan já wá, ó na bébà kan tí wọ́n ya lára ìwé ọmọ iléèwé sí i. Òrùka mi ló wà nínú ẹ̀.

Nígbà tí mo tú u, omi lé sójú mi. Nǹkan funfun ló wà lórí mẹ́ta nínú àwọn èékánná yẹn, ó rí jágbajàgba bí ìgbà tí abẹ́là bá yọ́ sílẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ ti yọ́ bo ojú òkúta. Òkúta fúnra ẹ̀ ti ṣú, kò kọ mànà mọ́. Ohun tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi kò tiẹ̀ kan wúrà. Ṣé dáyámọ́ńdì mi rèé? Ọ̀sẹ̀ 7, ọwọ́ ẹni mélòó ló ti kọjá?

Mi ò sùn lóru yẹn. Olùkọ́ kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ tó ń ti Ifẹ̀ wá lójoojúmọ́ ló sọ fún mi pé bàbá kan wà lápá Lágéré, àgbàlagbà ni, ẹ̀yìn ilé ló ń jókòó sí, kò ní pátákó lójú ọ̀nà. Sátidé ni mo wọ mọ́tò, gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń fọwọ́ tẹ àpò mi wò bóyá ó ṣì wà.

Bàbá yìí ò fọwọ́ kan òrùka náà títí ó fi nu ọwọ́ ẹ̀. Ó mú awò kékeré kan, ó kì í bọ ojú, ó gbé òrùka súnmọ́ ọn, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ta ló jó fàdákà mọ́ wúrà yìí?" Mi ò lè dáhùn. Ó ní, "Wá wò ó, ọmọ mi." Ó gbé awò náà fún mi, ó júwe inú òrùka, mo rí 750 tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀, mo rí orí ẹkùn kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ní orí ẹkùn yẹn ni àmì àwọn tó ń yẹ wúrà wò ní London, 750 sì túmọ̀ sí pé nínú ìdá 1000, ìdá 750 ni ojúlówó wúrà, káráátì 18 nìyẹn. Ọdún 12 lórùka yìí fi wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ̀ pé ẹkùn wà nínú ẹ̀!

Mo bi í pé ṣé òkúta mi náà nìyí. Ó ní ṣé ìwé ẹ̀ wà. Mo ní fọ́tò ẹ̀ wà nínú fóònù mi, ìwé GIA, àwọn tó ń yẹ dáyámọ́ńdì wò, tí wọ́n fún wa nígbà tí a rà á. Ó ní ó ṣe é ṣe kí wọ́n ti fi iná laser kọ nọ́ńbà ìwé yẹn sí etí òkúta, ojú lásán ò lè rí i. Ó mú awò tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó fọ etí òkúta náà, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀ sójú ìmọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe nọ́ńbà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo ń fi ìka tọ ọ́ lójú fóònù. Ìka mi ń gbọ̀n. Nígbà tó pe ẹyọ ìkẹyìn tó sì bára mu, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bàbá ní, "Tìẹ ni. Jókòó dáadáa."

Ó wá ṣàlàyé fún mi pé dáyámọ́ńdì, ara kan náà ni òun àti èédú, tí iná bá pẹ́ lára ẹ̀ tí atẹ́gùn wà níbẹ̀, ojú ẹ̀ á jó, á funfun bí ìkuukùu, fífọ̀ ò sì ní mú un kúrò. Ó ní tèmi ò dé ibẹ̀ yẹn, bóráàsì, ìyẹ̀fun tí wọ́n fi jó o, ló gbẹ lé e lórí bíi gíláàsì, ásíìdì gbígbóná á mú un kúrò. Orí mi ló bá mi ṣe é.

Níbi tí iṣẹ́ ti le ni fàdákà yẹn. Kò lè kàn jó o dànù, torí tí iná bá tún bà á á yọ́ wọnú wúrà, ibi tó dáa náà á bàjẹ́. Ọwọ́ ló fi rin ín, fáìlì tín-ín-rín, ó lé ní wákàtí méjì, mo jókòó tì í gbágbáágbá. Ó kọ́kọ́ yọ òkúta náà, ó gbé e sínú ìdérí kékeré kan síwájú mi, ó ní kí n máa ṣọ́ ọ. Ẹ gbọ́, síwájú mi o!

Ó bèèrè bóyá mo ní wúrà irú ẹ̀ nílé. Mo ní yẹtí kan tí èkejì ẹ̀ ti sọnù, mo ti mú un dání torí olùkọ́ yẹn ti sọ fún mi. Kò gbà mí gbọ́ lásán. Ó fi yẹtí náà ha ara òkúta dúdú kan, ó fi káráátì 18 tiẹ̀ ha ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó kán ásíìdì lé méjèèjì lórí. Ilà méjèèjì dúró bákan náà. Ó ní ó dáa. Ó yọ́ ọ, ó nà án, ó wá mú irin pẹlẹbẹ kan tó kún fún ihò, ihò ńlá ló bẹ̀rẹ̀, ó ń kéré lọ, ó ki orí wúrà náà bọ ihò kan, ó fi ẹ̀mú gbá a mú lódì kejì, ó fà á. Ó tún kì í bọ èyí tó kéré sí i, ó fà á. Bó ṣe ń fà á ló ń gùn tó ń tín-ín-rín, títí yẹtí mi fi di okùn wúrà bí fọ́nrán gèlè tó há sí òrùka mi lọ́jọ́ yẹn. Lára okùn yẹn ló ti gé èékánná tuntun mẹ́ta, wúrà káráátì 18 náà ló fi jó wọn mọ́ ọn. Dídán àti fífọ̀ ò gba àlàyé. Nígbà tó dá òkúta padà tó tẹ àwọn èékánná lé e lórí, ó ní kí n mì í sétí. Kò dún rárá. Mo fi aṣọ orí mi fà á lórí, kò mú okùn kankan. Mo san ₦45,000, mi ò yọwó, mo tún kúnlẹ̀ kí bàbá.

Tó bá jẹ́ pé mo tún un bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ni màá kọ́kọ́ bi ẹnikẹ́ni kí n tó bọ́ òrùka lọ́wọ́: ta ló fẹ́ ṣe é, ṣé níbí ni, ṣé mo lè jókòó tì yín? Ẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po níbẹ̀, ẹ káńjú kúrò. Ẹ bi í léèrè pé kí ló fẹ́ fi jó o. Ẹ ya fídíò òkúta yín kẹ́ ẹ tó fà á lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, tíwèé ẹ̀ bá wà ẹ jẹ́ kó wà lórí fóònù. Ìdajì owó ni kẹ́ ẹ san. Tó bá jẹ́ péálì tàbí émérálì ló wà lórí tiyín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbéná súnmọ́ ọn rárá láìyọ ọ́, àwọn ìyẹn ò lè gba iná bíi dáyámọ́ńdì.

Ní báyìí, gbogbo Sunday kí n tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì mo máa ń mì í sétí. Mo bọ́ ọ sílẹ̀ tí mo bá fẹ́ gúnyán, àwọn ọmọ mi ti mọ abọ́ tí mò ń gbé e sí.

Ní ti bọ̀dá Iléṣà yẹn, mo gbé òrùka lọ fún un wò, mo sọ fún un lójú ẹ̀ pé kó dá owó mi padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí, ó ní òun náà ti san fún ẹni Òṣogbo. Mo ní ìyẹn ò kàn mí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti dá owó padà, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ ₦8,000, ó ku ₦7,000. Sátidé tó ń bọ̀ tí mo bá ti kúrò lọ́jà Àtàkúnmọ́sà màá yà síbẹ̀, àpótí ìjókòó mi ṣì wà nínú bùùtù ọkọ̀.