Bí A Ṣe Ń Dáàbò Bo Ẹrù Olówó Ńlá Nínú Motorhome

Motorhome, ọkọ̀ tí èèyàn ń wà tó tún ń sùn sí, kò le tó bó ṣe tóbi tó. Ike ni ọ̀pọ̀ fèrèsé ẹ̀yìn rẹ̀, ìkọ́ kéékèèké ló sì dì wọ́n mú. Ẹni tó bá mú sukurudiráfà wá kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí olè kò bá rí, tàbí tí kò lè tètè gbé, ni yóò ṣẹ́kù fún yín. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀yin àti ẹbí yín ń ti London lọ sí Spain, tí ẹ ó gba Faransé kọjá.

Ilé lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Góòlù òde ìnáwó kò níṣẹ́ létí òkun, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò páálí yín, ìyẹn pásípọ́ọ̀tù, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ kọ̀ǹpútà àti kámẹ́rà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín. Ẹ ka ìwé ìnṣọ́ránsì pẹ̀lú: àwọn mìíràn kì í san kọ́bọ̀ tí kò bá sí àmì pé wọ́n jálẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá sẹ́ẹ̀fù kékeré onírin. Ibi tí ẹ máa dè é mọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Pátákó kọ́bọ́ọ̀dù ọkọ̀ yìí fẹ́lẹ́. Tí ẹ bá kàn án mọ́ ọn, olè á fa sẹ́ẹ̀fù tòun ti pátákó ni. Irin abẹ́ àga awakọ̀ ló dáa. Inú sẹ́ẹ̀fù ni kí orí bóòtù tí ẹ fi dè é wà, kí ẹnikẹ́ni má baà tú u láti ìta. Kí ẹ tó lu ihò, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ bóyá wáyà tàbí páìpù gba ibẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ háyà ọkọ̀ ni, ẹ má lu nǹkan kan o. Àpótí tó ní okùn irin, tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ àga, ti tó. Abẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì àti inú firíìjì ni olè ń kọ́kọ́ tú.

Páálí ńkọ́? Ara lẹ máa so ó mọ́, lábẹ́ aṣọ. Ẹni tó ń lo ti Nàìjíríà ló yẹ kó ṣọ́ra jù, torí ìwé pàjáwìrì tí ẹ́ńbásì wa máa fún un, Nàìjíríà ló ń gbé èèyàn lọ, kì í ṣe London.

Lálẹ́, ẹ fa bẹ́líìtì àga iwájú gba inú ọwọ́ ilẹ̀kùn kí ẹ tó há a. Bí wọ́n bá já kọ́kọ́rọ́ níta, bẹ́líìtì á ṣì dá ilẹ̀kùn dúró. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, tí ẹ bá rí CH751 lára kọ́kọ́rọ́ àpótí ẹrù ìta, ẹ pààrọ̀ àgádágodo náà: kọ́kọ́rọ́ kan yẹn ló ń ṣí ti àìmọye ọkọ̀.

Ẹ má sùn síbi ìsinmi ẹ̀gbẹ́ òpópónà ńlá ní Faransé. Wọlé-wọ̀de àjèjì ni títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ẹ yà sí ibùdó ìpàgọ́ tó ní géètì, bó tilẹ̀ ná yín lówó.

Ní Spain, pàápàá lọ́nà AP-7 tó lọ sí Barcelona, ẹnì kan lè máa fọn fèrè, kó máa nàka sí táyà yín. Ìjọba Britain ti kìlọ̀ nípa irú wọn. Bí ọ̀kan ti ń fi táyà hàn yín lápá ọ̀tún, èkejì ti ń gbé báàgì lápá òsì. Ẹ wà á dé ilé epo tí èrò wà, kí ẹnì kan jókòó sínú, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ ẹni tó sọ̀kalẹ̀.

Ẹ ó gbọ́ ọ pé àwọn olè ń fẹ́ gáàsì wọ inú ọkọ̀ kí èèyàn lè sùn fọnfọn. Royal College of Anaesthetists, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń fún èèyàn lóògùn oorun nígbà iṣẹ́ abẹ, ti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má tìtorí àhesọ dí ihò afẹ́fẹ́. Èéfín sítóòfù lè pani.

Tí wọ́n bá ṣì jà yín lólè, 112 ni ẹ ó pè ní Faransé àti Spain. Ẹ gbàwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí ẹ tó kúrò nílùú náà. Òun ni ìnṣọ́ránsì máa kọ́kọ́ bèèrè.