Má Fi Ààrò Mẹ́ta Ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Kọ́ni Nípa Ọlọ́run

Nínú kíláàsì ìtẹ̀bọmi tí mo ń kọ́ ní Iléṣà, ààrò mẹ́ta ni mo máa ń fi ṣàlàyé Mẹ́talọ́kan tẹ́lẹ̀: òkúta mẹ́ta, ìkòkò kan, ọbẹ̀ kò sì dànù. Àpèjúwe náà dùn létí, kò sì sí ẹni tí kò mọ ààrò. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, òkúta kan kò lè dá ìkòkò gbé. Ṣé Jésù nìkan kò tó Ọlọ́run ni?" N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà, n kò sì lo ààrò mọ́ láti ìgbà náà. Ohun tí Ìjọ gbà gbọ́ ni pé Baba jẹ́ Ọlọ́run pátápátá, Ọmọ jẹ́ Ọlọ́run pátápátá, Ẹ̀mí Mímọ́ jẹ́ Ọlọ́run pátápátá, síbẹ̀ Ọlọ́run kan ṣoṣo ni wọ́n. Ààrò mẹ́ta ń pín Ọlọ́run sí ìdá mẹ́ta, tàbí kí ó sọ Ọ́ di mẹ́ta tí wọ́n pawọ́ pọ̀ ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó tọ̀nà nínú méjèèjì.

Ẹni tí ó bá sá fún kòtò yìí sábà máa ń já sí òmíràn. Yóò ní ọkùnrin kan náà ni bàbá nínú ilé, tí ó jẹ́ tíṣà ní ilé ìwé, tí ó sì jẹ́ olóyè láàfin. Tàbí kí ó ní omi kan náà ni ó ń di yìnyín, tí ó sì ń di oru. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n mọ̀ mọ́ Sabellius, olùkọ́ kan ní Róòmù ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹta, kò jìnnà sí èyí, Ìjọ sì kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a ka Mátíù orí 3: Ọmọ wà nínú odò Jọ́dánì, Ẹ̀mí ń sọ̀kalẹ̀ bí àdàbà, ohùn Baba sì ń ti ọ̀run wá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ni ó ń pààrọ̀ orúkọ, ta ni Jésù wá ń gbàdúrà sí nínú ọgbà Gẹtisémánì?

Àṣìṣe tí ó jinlẹ̀ jù lọ láàárín wa wà nínú ọ̀rọ̀ náà "Ọmọ". Ilẹ̀ tí a ti ń dọ̀bálẹ̀, tí a ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà ni ilẹ̀ wa. Kò sí bí ọmọ ṣe lè bá bàbá rẹ̀ dọ́gba, nítorí bàbá ti wà kí a tó bí i. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá pe Jésù ní Ọmọ Ọlọ́run láìṣàlàyé, àbúrò Ọlọ́run ni ọ̀pọ̀ ń gbọ́, ẹni tí ó dé lẹ́yìn. Arius, àlùfáà kan ní Alẹkisáńdíríà, ti kọ́ni bẹ́ẹ̀ rí, pé ìgbà kan wà tí Ọmọ kò sí. Ní ọdún 325, àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ ní Nísíà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, wọ́n sì jẹ́wọ́ pé a bí Ọmọ, a kò dá a, àti pé ohun kan náà ni Òun àti Baba jẹ́. Nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ìgbà márùn-ún ni wọ́n lé Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, kúrò nílùú. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé ìkòkò tí amọ̀kòkò mọ kì í ṣe ènìyàn, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bí jẹ́ ènìyàn bíi tirẹ̀. Ibi tí a ó ti mú ọ̀rọ̀ ìbí nìyẹn, kí a sì fi ọjọ́ orí sílẹ̀ pátápátá, nítorí ìbí yìí kò ní ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ má sì torí èyí sọ fún àwọn ọmọdé pé Jésù kàn gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀ bí aṣọ. Ebi pa á, ó sùn nínú ọkọ̀, ó sọkún níbi ibojì Lásárù, ẹkún náà kì í sì í ṣe àfarawé. Ọlọ́run pátápátá ni, ènìyàn pátápátá ni, gẹ́gẹ́ bí ìgbìmọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó péjọ ní Kalisídónì ti jẹ́wọ́ ní ọdún 451.

Ní ti Ẹ̀mí Mímọ́, ìlú wa ní ìtàn tirẹ̀. Láti ìgbà ìsọjí ọdún 1930 ní Òkè-Ooyè, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ọ̀rọ̀ agbára kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ará Iléṣà, mo sì dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n má ṣe kọ́ni pé agbára lásán ni Ẹ̀mí Mímọ́, tí a lè lò bí ẹni lo àtùpà. Èdè wa kò ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín, nítorí "ó" kan náà ni a ń lò fún ènìyàn àti fún òkúta. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, Ananáyà purọ́ fún Ẹ̀mí Mímọ́, Ẹ̀mí sì ní kí a ya Bánábà àti Sọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ fún Òun. Agbára kì í sọ pé "fún mi".

Àwọn kan tún máa ń ní Ọmọ àti Ẹ̀mí dà bí òrìṣà lọ́dọ̀ Olódùmarè. Lóòótọ́, Bíbélì Yorùbá pe Ọlọ́run ní Olódùmarè nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 17, orúkọ náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n àwọn olórìṣà fúnra wọn kò sọ pé òrìṣà kankan jẹ́ Olódùmarè, nígbà tí àwa gbà pé Ọmọ àti Ẹ̀mí jẹ́ Ọlọ́run pátápátá. Àfiwé náà kò ṣe ìgbàgbọ́ wa ní rere, kò sì ṣe tiwọn ní rere.

Nísinsìnyí, n kì í mú àpèjúwe kankan wọ kíláàsì. A óò ka ìtàn odò Jọ́dánì, a óò wá ṣí Mátíù orí 28, níbi tí Jésù ti ní kí a máa ṣe ìtẹ̀bọmi, màá sì ní kí àwọn ọmọ ka iye ẹni tí ó dárúkọ. Wọ́n á ní mẹ́ta. Màá wá ní kí wọ́n padà wò ó bóyá "ní orúkọ" ni ó sọ ni, tàbí "ní àwọn orúkọ".